Èébú, Èpè àti Ìsọkúsọ: Ipò Wọn Nínú Fíìmù àti Lẹ́nu Ojoojúmọ́

Láti Jọ́ọ̀sì dé Kánò, láti Kàdúná dé Àbújá, ohun kan wà tí àwọn òbí ọmọ Yorùbá fi ń ṣe àwàdà láàrin ara wọn, tí kò sì yẹ kí ó jẹ́ àwàdà. Ọmọ tí kò lè kí ìyá àgbà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láìṣi ọ̀rọ̀ pè, tí kò lè ka oókan dé ogún ní èdè baba rẹ̀, mọ "wèrè". Ó mọ "orí ẹ ò pé". Ó mọ bí a ṣe ń fa "olórí burúkú" gùn lẹ́nu kí ó lè dun ẹni tí a ń bú dé ọkàn. Bí a bá bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ, fíìmù ni yóò dárúkọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní òde ju bí ó ṣe kan àwọn tí ó wà nílé lọ. Ọmọ tí ń dàgbà ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta ní ọjà, ilé ìjọsìn, ojúde àti ilé ẹbí láti gbọ́ Yorùbá oníwà pẹ̀lẹ́. Bí fíìmù bá bú èébú mẹ́wàá sí i létí, àdúgbò yóò fi ìkíni ọgọ́rùn-ún bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ń dàgbà níbi tí Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè títì àti èdè ilé ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú ààbò yẹn. Ohun tí amóhùnmáwòrán bá sọ fún un pé Yorùbá jẹ́, òun ni ó gbà pé ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ariwo àti èébú ni ó ń gbọ́ níbẹ̀, ariwo àti èébú ni yóò jogún.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí a ń bá ṣe ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí Yorùbá pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ni ìjiyàn àwọn ọ̀dọ̀ lórí rẹ̀ kì í fi í níyanjú. Ìbúra wà, èpè wà, èébú wà, ìsọkúsọ sì wà.

Ìbúra kò ní àbùkù. Ilé ẹjọ́ ń béèrè fún un: Mùsùlùmí a gbé Kùránì, Kìrìsìtẹ́nì a gbé Bíbélì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a sì fi irin Ògún búra. Àṣejù rẹ̀ nìkan ni àgbà ń kọ̀, nítorí ẹni tí ń búra lórí owó àkàrà àárọ̀ kò ní rí ohun tí yóò fi búra ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Èpè ni ó wúwo jù. Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ ní àṣẹ. Ẹni tí ó ṣépè kò kàn fi ìbínú hàn, ó rán ohun kan níṣẹ́ ni. Ìyá tí ó tú ọmú síta láti fi gégùn-ún fún ọmọ tí ó bí ti dé òpin ọ̀nà, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe sọ ọ́ jáde. Irú ìran bẹ́ẹ̀ nínú eré máa ń mú kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin méjì nínú fíìmù kan náà bá ti ṣépè fún ara wọn nítorí omi ẹ̀rọ, tí bàbá onílé ṣépè fún ayálégbé, tí ayálégbé náà dá a padà, kí ni ó kù fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ dà? Òǹkọ̀wé eré náà ti ná gbogbo owó rẹ̀ kí ó tó dé ọjà. Àwọn ọmọdé tí ń wò ó a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikú àti àìsàn ránṣẹ́ sí ara wọn lórí bọ́ọ̀lù, láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èébú ní ìpele. "Ọ̀lẹ", "alágídí" àti "dìndìnrìn" wà lára ohun tí òbí fi ń bá ọmọ wí, ìfẹ́ sì lè wà lábẹ́ wọn. Èyí tí ó kan òbí ẹni kò ní ìfẹ́ kankan lábẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì péré ni "ìyá ẹ", ìjà tí ó ti dá sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ àti ní pápá ìṣeré kò sì lóǹkà. Ní ti ìsọkúsọ, ìyẹn dídárúkọ ohun abẹ́ aṣọ ní gbangba, èdè Yorùbá ní orúkọ fún gbogbo ẹ̀yà ara, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó ń gbà sọ ọ́: "ojú ara", "nǹkan ọkùnrin". Àgbàlagbà tí ó bá di dandan fún láti sọ̀rọ̀ náà gan-an a kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Ìtọrọ gáfárà yẹn ń jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà, àti pé ẹni tí ń gbọ́ ọ ní iyì.

Àwọn tí ń gbèjà èébú nínú fíìmù a máa sọ pé ìgbésí ayé gan-an ni wọ́n ń yà, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Agbèrò ibùdókọ̀ tí ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ ilé ìwé Bíbélì jẹ́ irọ́ lójú òǹwòran. Wọ́n tún lè sọ pé èébú àti ìsọkúsọ wà nínú àṣà láti ìṣẹ̀ǹbáyé, òtítọ́ sì ni èyí pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn tí a máa ń ṣe ní oṣù Kẹta, àwọn ènìyàn a máa jó kiri ìgboro pẹ̀lú orin tí ń dárúkọ ohun abẹ́ aṣọ láìfi ohunkóhun bò. Kò sí olówó, kò sí olóyè tí ó lè bínú. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, Èfẹ̀ a máa jáde ní òru ṣáájú ìjáde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì kọrin tú àṣírí olè, alágbèrè àti aláṣejù láàrin ìlú. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2001, Èfẹ̀ sì wà lára ohun tí a kà sí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi Òkèbàdàn gbe fíìmù lẹ́sẹ̀ kò wo Òkèbàdàn dáadáa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni láàrin ọdún. A kì í dáná lọ́jọ́ náà, Abọkè a sì ṣe ètùtù fún òkè tí ó dáàbò bo àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tí ó bá kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sí aya ẹlòmíràn létí yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Èfẹ̀ pẹ̀lú kì í la ẹnu láìkọ́kọ́ júbà àwọn àgbà àti àwọn ìyá. Àwọn baba ńlá kò sọ pé kí èébú má sí. Wọ́n fún un ní ọjọ́, wọ́n fún un ní ẹnu tí yóò máa gbà jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ọjọ́ yòókù. Amóhùnmáwòrán kò ní ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí sì wà pé ọ̀rọ̀ lè mú bí abẹ láìjẹ́ èébú. Hubert Ogunde gbé eré "Yorùbá Ronú" jáde ní ọdún 1964, ó sì dun ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ọdún 1966 ni ìjọba ológun tó mú òfin náà kúrò. Kì í ṣe ìsọkúsọ ni ó mú kí ìjọba bínú, ìtàn àti orin ni. Ní ọdún 1999, "Ṣaworoidẹ" tí Tunde Kelani darí fi ìlù, adé àti àdéhùn láàrin ọba àti ìlú sọ ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ nípa àwọn ológun àti àwọn olówó tí ń gbẹ́ igbó run. Òǹwòran tí ó bá jáde níbẹ̀ mọ ẹni tí a ń bá wí. Ó ṣòro láti gbà pé òǹkọ̀wé eré tí ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ láti sọ yóò nílò kí gbogbo ẹni inú eré náà, láti lọ́yà dé ìyàwó ilé, máa pe ara wọn ní ẹranko fún wákàtí méjì.

Ní ti òfin, abala 39 Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀, abala kan náà sì gbà kí òfin tí ó tọ́ máa darí amóhùnmáwòrán àti fíìmù. Abala 24 wá sọ ojúṣe: kí olúkúlùkù bọ̀wọ̀ fún iyì àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yòókù, kí ó sì bá wọn gbé ní ìrẹ́pọ̀. Ìjọba dá Àjọ NBC tí ń bójú tó ilé iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1992. Ìlànà rẹ̀ ni pé ohun tí ó bá jẹ́ ti àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jáde àfi láàrin agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo márùn-ún ìdájí. NFVCB, tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, jáde láti inú òfin ọdún 1993. Òun ni ó ń fi àmì sí ara fíìmù. G túmọ̀ sí pé gbogbo ènìyàn lè wò ó, PG pé kí òbí wà nítòsí, 12, 15 àti 18 sì ń tọ́ka sí ọjọ́ orí. Ìpínlẹ̀ Kánò ní ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò fíìmù tirẹ̀ láti ọdún 2001. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣe òfin 1993, kásẹ́ẹ̀tì ni fíìmù wà nínú rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń bọ́ tààrà sórí YouTube, láti ibẹ̀ sínú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀. Níbi yẹn, òbí ni ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò.

Àwọn èébú méjì kan yẹ fún ìṣọ́ra ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀kan ni èyí tí ó sọ àìsàn àti àbùkù ara di ohun ìfiṣẹ̀sín: wèrè, arọ, abuké, adẹ́tẹ̀. Òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn níbi iṣẹ́, nínú ọkọ̀ àti nínú ilé ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè wọ inú àwàdà pálọ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ọpọlọ, tí ó jókòó síbi ìnáwó ẹgbẹ́, tí aláwàdà sì ń fi wèrè pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín, mọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe gùn tó.

Èkejì ni orúkọ tí a ń pe aládùúgbò. "Gàmbàrí" lè jẹ́ orúkọ lásán ní ibì kan, kí ó sì di ẹ̀gàn nítorí ohùn tí a fi pè é. "Kòbókòbó" kò ní ohùn rere kankan. Àwọn ẹ̀yà mìíràn náà ń pe Yorùbá ní "ńgbàtí-ńgbàtí", gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́ ọ nínú ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó mọ bí ó ṣe rí. Fíìmù tí ó bá fi ọmọ Haúsá ṣe mẹ́gáádì olórí kunkun nígbà gbogbo, tí a sì ń bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lè jẹ́ ẹ̀rín ní Mushin. Bí a bá gbé e sójú ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Káfáńchán, ẹni tí ń ra ọjà lè má gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n yóò dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá ka ìmọ̀ọ́mọ̀ búni láti dá wàhálà sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó sàn kí ọ̀rọ̀ má dé ibẹ̀.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pọ̀ díẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Aláwàdà tí ẹgbẹ́ bá háyà fún ọjọ́ ọdún yóò sọ ohun tí a bá bá a ṣàdéhùn rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí a tó san àsansílẹ̀. Wíwo fíìmù pẹ̀lú àwọn ọmọ sàn ju fífi òfin dè é lọ, nítorí fíìmù náà ni ó ku díẹ̀ kí ó jẹ́ olùkọ́ Yorùbá kan ṣoṣo tí àwọn kan nínú wọn ní. Kí àgbà kan jókòó tì wọ́n. Bí ẹni inú eré bá bú ìyá ẹlòmíràn, kí a dá a dúró, kí a bi àwọn ọmọ pé báwo ni ẹni náà ì bá ti sọ ìbínú rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni. Òwe á jáde níbẹ̀, àkàwé á jáde, ọmọ tí kò mọ̀ ju "wèrè" lọ á sì gbọ́ "ìwà rẹ kò jọ ti ọmọlúàbí" fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò sì rí i pé ó dunni jù ú lọ. Bí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bá gbé ìsọkúsọ jáde ní ọ̀sán, kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ètò sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì NBC tí ó wà nítòsí wọn. Ẹ̀sùn tí kò bá ní ọjọ́ àti wákàtí kò ṣeé yẹ̀ wò.