Ẹ má fi ọ́fíìsì ìjọba sílẹ̀ láìgba ẹ̀dà ìwé yín

“Ẹ padà wá lọ́la.” Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń wá ìwé àṣẹ máa ń gbọ́ nìyẹn, ọjà wọn á sì dúró. Max Weber, onímọ̀ ọmọ Jámánì, gbà pé òfin tó wà lákọsílẹ̀ ló yẹ kó máa darí iṣẹ́ ọba, kì í ṣe ojú mímọ̀.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, Yẹmí Òṣínbàjò, tó jẹ́ adelé Ààrẹ nígbà náà, pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ owó àti iye ọjọ́ tí ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan máa gbà síta. Bí ọjọ́ bá pé láìsí èsì, wọ́n ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Lọ́dún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó gbè é lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi gbà pé ẹ ti mú un wá ni ẹ̀rí ọjọ́. Ẹni tí kò gbà á, kí ló fẹ́ fi jà?