Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́ o: kán-ún kọ́ ni pọtáṣíọ̀mù!

Lọ́jà Ṣayédẹ̀rọ̀ n'Ìlaròó, kán-ún kì í kùtà. Ìyá tó fẹ́ kí ẹ̀wà tètè jinná á rà á, ẹni tó fẹ́ se ewédú náà á rà á. Nítorí pé pọ́táàṣì lòyìnbó ń pè é, ó rọrùn kéèyàn rò pé pọtáṣíọ̀mù tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà ló kún inú ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Sódíọ̀mù, èròjà tó wà nínú iyọ̀, ló pọ̀ jù nínú kán-ún tí wọ́n ń kó wá láti apá Adágún Chad. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń da kán-ún sọ́bẹ̀, epo ló ń da síná.

Inú eérú ni pọtáṣíọ̀mù gan-an pọ̀ sí, irú eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti kòkó tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Àmọ́ kò sẹ́ni tí í bu eérú jẹ. Inú oúnjẹ ló yẹ kéèyàn ti wá a.

Èló wá ni ara nílò? Lọ́dún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ tó 3,510 mílígíráàmù lójúmọ́, kí iyọ̀ ẹ̀ má sì tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Ìdí ni pé pọtáṣíọ̀mù ń ran ara lọ́wọ́ láti tọ iyọ̀ dànù, ó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ á sì dín kù.

Gíráàmù 100 iṣu sísè ní ju 600 mílígíráàmù lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní bíi 400. Ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ náà ò gbẹ́yìn. Làfún tí wọ́n ń rò láàárọ̀ lálẹ́ ní Yewa ńkọ́? Omi tí wọ́n fi rẹ pákí fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, tí wọ́n dà nù, ti gbé púpọ̀ lọ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn làfún, kó yáa jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí o. Kíndìnrín ló ń lé àṣẹ́kù pọtáṣíọ̀mù jáde. Bí kíndìnrín bá ti ń ṣàìsàn, á máa kún inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró lójijì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril náà kì í jẹ́ kó tètè jáde. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè kí wọ́n tó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní àjẹtúnjẹ. Èyí tí wọ́n ṣe ní hóró, kẹ́nikẹ́ni má ṣe rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ Ìdìrókò.

Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò wọ́n l'Áyétòrò. Ẹ dín iyọ̀ kù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kán-ún máa jókòó sórí igbá ẹni tó ń tà á.