Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Àtijọ́ àti Kọ̀ǹpútà Tuntun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò mu: bí a ṣe lè mú kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ti dàgbà bá kọ̀ǹpútà tuntun ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní ọdún kan, a fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá ní ẹ̀ka wa. Kọ̀ǹpútà jẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí ń fi abẹ́rẹ́ kéékèèké gún ríbọ́ọ̀nù onítàdáwà sára ìwé. Nígbà tí ìwé jáde, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti oko àgbẹ̀, gbogbo wọn di "oko" kan náà. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìṣòro yìí pín sí. Èkíní ni wáyà. Orí wáyà àtijọ́ fẹ̀: ẹsẹ̀ 25 ni ó ní ní ìdí kọ̀ǹpútà, 36 ní ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láti ìgbà tí USB ti jáde ní 1996 ni ihò ńlá náà ti ń pòórá díẹ̀díẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Wáyà kan wà lọ́jà tí ó ní orí USB níhìn-ín, tí ó sì ní orí ẹlẹ́sẹ̀ 36 lọ́hùn-ún. Bí a bá ti kì í bọ ihò, èyí tí Windows sábà máa ń pè ní USB001 ni kí a yàn, kì í ṣe LPT1. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀.

Èkejì ni èdè. Ògbufọ̀ wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Òun ni wọ́n ń pè ní dráífà. Èyí tí wọ́n kọ fún Windows 32-bit kò lè ṣiṣẹ́ lórí 64-bit. Bí ti ẹ̀rọ wa gan-an kò bá sí mọ́, kí a wádìí èdè tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ gbọ́ ESC/P. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lésà gbọ́ PCL tàbí PostScript. Ògbufọ̀ ẹ̀rọ mìíràn tí ń sọ èdè kan náà lè gbà wá. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọn kò gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Bí ògbufọ̀ tiwọn bá ti sọnù, kí a má fowó wáyà ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà. Ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ ní lẹ́tà tirẹ̀ nínú ikùn, ti Òyìnbó sì ni. Bí a bá yan ògbufọ̀ tí ń jẹ́ "Generic / Text Only", lẹ́tà inú ikùn yẹn ni yóò tẹ̀. Àmì wa yóò sì ṣègbé. Àṣìṣe tí a ṣe nìyẹn. Ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè ẹ̀rọ dáadáa lè ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí àwòrán, pẹ̀lú àmì tóótòòtó. Ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé Yorùbá ni òun ń tẹ̀. Ohun tí a yà fún un ni yóò tẹ̀.

A pààrọ̀ ògbufọ̀. Iṣẹ́ náà falẹ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ́ jáde ní ọkọ́, ọkọ̀ jáde ní ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó gbé ẹ̀rọ àgbà sọ sí ààtàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè èdè tí ó gbọ́. Ó dìgbà kan ná.