Hirta: Erékùṣù Tí Àwọn Onílé Fi Sílẹ̀ Fún Ẹyẹ

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1930, ènìyàn 36 wọ ọkọ̀ ogun orí omi HMS Harebell, wọ́n sì fi Hirta sílẹ̀. Ìtàn sọ pé wọ́n ṣí Bíbélì sílẹ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọkà óòtì díẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tó lé wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ̀wé sí ìjọba ní oṣù Karùn-ún ọdún náà pé kí wọ́n wá kó àwọn kúrò.

Hirta ni ó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù St Kilda, tó wà ní nǹkan bí 64 kìlómítà sí àwọn erékùṣù Outer Hebrides ní Skọ́tlándì. Ẹyẹ ni oúnjẹ wọn, ẹyẹ náà sì ni owó wọn. Okùn ni àwọn ọkùnrin fi ń rọ̀ lára òkè tó dojú kọ òkun láti mú gannet, fulmar àti puffin. Wọ́n ń jẹ ẹran àti ẹyin wọn, wọ́n ń fi òróró wọn tan fìtílà, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ wọn san owó ilẹ̀. Inú ahéré olókùúta tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni wọ́n ń kó ẹran náà sí kí ó lè gbẹ. Ó lé ní 1,200 irú ahéré bẹ́ẹ̀ tó wà ní Hirta títí di òní. Láràárọ̀ ni àwọn ọkùnrin ń péjọ láti pinnu iṣẹ́ ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà wa ti ń ṣe lábẹ́ igi odán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi kankan kò hù níbẹ̀.

Kí ló wá lé wọn? Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì pa ọ̀pọ̀ ìkókó wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ní 1852, ènìyàn 36 ṣí lọ sí Ọsirélíà, iye kan náà pẹ̀lú àwọn tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, àwọn tó kù kò sì tó láti fa okùn.

Àjọ National Trust for Scotland ló ń tọ́jú ibẹ̀ láti 1957. UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1986 nítorí ẹ̀dá inú rẹ̀, wọ́n tún fi àṣà àwọn ènìyàn ibẹ̀ kún un ní 2005.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni kí ẹ wọ ọkọ̀ láti Skye tàbí Harris. Bí òkun bá kọ̀, ilé yá nìyẹn. Ẹ tú àpò yín wò dáadáa kí ẹ tó wọkọ̀, nítorí kò sí eku ńlá níbẹ̀, inú ihò ilẹ̀ sì ni puffin ń yé sí.

Nínú ilé 16 tó wà ní òpópónà abúlé náà, wọ́n ti tún òrùlé díẹ̀ kàn. Ọ̀kan ti di ilé ìṣẹ̀m̀báyé. Àwọn yòókù ṣí sílẹ̀ sójú ọ̀run. Àwọn àgùntàn Soay, tí ẹnikẹ́ni kì í dà, ń gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé láìkan ilẹ̀kùn.