Láti Ojú Fóònù Dé Ṣómólú: Títẹ Káàdì Ìgbéyàwó Tí Èèyàn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yà

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó á lọ bá atẹ̀wé, atẹ̀wé á gbé ìwé ńlá tí wọ́n lẹ oríṣiríṣi káàdì mọ́ síwájú rẹ̀, á ní kó mú èyí tó bá wù ú. Orúkọ ìdílé méjèèjì àti ọjọ́ ìnáwó nìkan ló ń yí padà. Lónìí, ọmọbìnrin tí kò kọ́ iṣẹ́ ọnà rí lè ṣí Canva, ètò tí wọ́n fi ń ya káàdì, lórí fóònù rẹ̀, kó to orúkọ òun àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sáàárín òdòdó, kó kùn ún ní àwọ̀ aṣọ ẹbí, kó sì ti fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Á rẹwà lójú fóònù. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó di ohun àfọwọ́mú ni ọ̀rọ̀ ń di ti bébà, íǹkì àti ẹ̀rọ.

Àwọn kan á béèrè pé kí ni wọ́n tún fẹ́ fi bébà ṣe láyé WhatsApp. Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ àti ojúgbà ti ń gba káàdì tiwọn lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìdílé tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní fi WhatsApp nìkan pe olórí ẹbí, pásítọ̀, lémọ́ọ̀mù tàbí ọba ìlú. Wọ́n á gbé káàdì lọ bá wọn nílé, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì fà á lé wọn lọ́wọ́. Iye káàdì tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ti dín kù nítorí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹwà tí wọ́n ń retí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ sí i.

Ní Èkó, bí wọ́n bá ti dárúkọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, Ṣómólú ló ń bọ́ sí èèyàn lẹ́nu. Ní òpópónà Bájúláyé àti Ṣípéolú, ariwo ẹ̀rọ àti òórùn íǹkì ló ń pàdé àlejò. Gbogbo iṣẹ́ kì í sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù kan ń ta bébà, òmíràn ń ṣe pléètì, àwo irin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ wà ní òdìkejì títì, ẹni tó ń gé e àti ẹni tó ń fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó mọ̀nà lè rí iṣẹ́ gidi gbà lówó tí kò ga jù. Ẹni tí kò mọ̀nà, kó wá ẹni tó mọ̀nà mú lọ. Ìbàdàn náà ní Mọ́kọ́lá tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà tẹ káàdì. Èkíní ni offset. Wọ́n á pín àwòrán sí àwọ̀ mẹ́rin, ìyẹn cyan tó jẹ́ búlúù, magenta tó jẹ́ pupa, yẹ́lò àti dúdú. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní pléètì tirẹ̀, bébà á sì gba íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwòrán á fi pé. Owó pléètì àti wàhálà títún ẹ̀rọ tò kò yí padà, ìbáà jẹ́ káàdì 50 tàbí 2,000. Ìdí nìyí tí offset fi ń wọ́n fún ẹni tó fẹ́ díẹ̀, tó sì ń dẹrùn fún ẹni tó fẹ́ ẹgbẹ̀rún. Èkejì ni èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní DI. Kò lo pléètì rárá. Láti inú kọ̀ǹpútà ni fáìlì ti ń bọ́ sínú ẹ̀rọ. Orí bébà 13 ínṣì sí 19 kan gba káàdì A5 mẹ́rin, nítorí náà bébà 25 tó káàdì 100, kéèyàn sì fi méjì mẹ́ta lé e nítorí èyí tó lè bàjẹ́ níbi gígé. Ẹni tó bá fẹ́ 100 tàbí 150, DI ni kó lọ bá.

Bébà náà ní tirẹ̀. Gíráàmù ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: bébà fọ́tòkọ́pì jẹ́ nǹkan bí 80, káàdì ìpè tó le dáadáa sì máa ń wà láàárín 250 sí 350. Art card ń dán, matt card kì í dán. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì tó ká sí méjì, kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa ojú ìká sí i. Bí wọ́n bá kàn fọwọ́ ká bébà 300, ojú ibẹ̀ á sán, funfun á sì yọ lábẹ́ àwọ̀.

Àwọ̀ ló ń fa àríyànjiyàn jù láàárín oníkáàdì àti atẹ̀wé. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń gbé àwọ̀ jáde, íǹkì ni bébà ń lò, nítorí náà búlúù tó ń tàn yanran lójú fóònù á ṣú díẹ̀ lórí káàdì. Góòlù ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n po íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kò lè dán bíi wúrà. Yẹ́lò tó ṣókùnkùn ló ń jáde. Fóìlì, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ mọ́ bébà, ló ń fúnni ní góòlù tó ń kọ mànà, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Fóìlì lórí orúkọ tọkọtaya nìkan ti tó. Ní ti àwọ̀ yòókù, kí ìyàwó gé aṣọ ẹbí kékeré kan dání lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí wọ́n tẹ káàdì kan ṣoṣo, kó gbé aṣọ náà lé e níta nínú oòrùn, kó tó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ibi tó yẹ kí ọmọ Yorùbá dúró sí jù lọ ni orúkọ. Nínú àwọn irú lẹ́tà (font) tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, púpọ̀ ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Bí wọ́n bá fi kọ Àṣàkẹ́, kọ̀ǹpútà á lọ yá ṣ àti ẹ́ láti inú irú lẹ́tà mìíràn, orúkọ náà á wá dà bí ẹni tó wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ohun mìíràn ni pé nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀: ẹ ló wà, wọ́n á gbé àmì ohùn lé e lórí. Irú lẹ́tà tí wọn kò ṣe dáadáa á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi kọ lu lẹ́tà kejì. Ọ̀pọ̀ á kúkú yọ gbogbo àmì kúrò, kí ojú káàdì lè mọ́. Kò dára bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1875 tí àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) ti ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ni àmì abẹ́ lẹ́tà ti fìdí múlẹ̀ nínú ìwé wa, kò sì yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó ni ẹnì kan máa pàdánù àmì orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Irú lẹ́tà bíi Noto, Gentium àti Charis SIL ń gbé àmì Yorùbá láìṣe àṣìṣe, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kéèyàn fi wọ́n kọ orúkọ, kó wá fi òdòdó àti ìlà ṣe ọ̀ṣọ́.

Bí orúkọ bá ti dúró dáadáa, kó má lọ yí padà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Àwọn atẹ̀wé wa fẹ́ràn ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CorelDRAW. Nínú rẹ̀, wọ́n lè sọ lẹ́tà di àwòrán pẹ̀lú Convert to Curves. Ẹni tó lo Canva, PDF Print ni kó yàn. Kó má sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, lẹ́tà kéékèèké á sì di bàìbàì. Kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, tàbí kó gbé e lọ nínú fíláàṣì.

Ẹ̀rọ agéwé ń gé òkìtì bébà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè yẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, àwọ̀ tó dé etí káàdì gbọ́dọ̀ kọjá etí ní mìlímítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: A5 tó jẹ́ 148 sí 210 á di 154 sí 216. Láìsí èyí, ìlà funfun tín-ín-rín á yọ sílẹ̀. Fọ́tò tó bá gba gbogbo ojú káàdì 5 ínṣì sí 7 náà yẹ kó ní píksẹ́lì 1,500 sí 2,100.

Títẹ̀ ẹ́ nílé ṣe é ṣe, àgàgà tí káàdì kò bá ju 40 tàbí 50 lọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kéèyàn wo ìwé tó bá ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kó mọ gíráàmù tó lè gbé. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ilé kò lè gbé 300, bébà á há sí i nínú. Èyí tó ń gba bébà láti ẹ̀yìn sàn, torí bébà kì í ká kọ́lọ nínú rẹ̀. Íǹkì inkjet kì í tètè gbẹ lórí bébà dídán tí wọn kò ṣe fún un. Àtàǹpàkò kan ti tó láti ba orúkọ jẹ́. Ẹ̀rọ ilé tún sábà ń fi etí funfun sílẹ̀, nítorí náà káàdì tí ilẹ̀ rẹ̀ funfun ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní kí gbogbo ojú káàdì pọ́n dòò á ra íǹkì títí owó rẹ̀ á fi ju ti DI lọ. Abẹ tó mú àti rúlà onírin ni kó fi gé e, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà kan wà tó dára ju kéèyàn yan atẹ̀wé nìkan tàbí ilé nìkan lọ: kí káàdì gan-an lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí àwọn káàdì kéékèèké tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àti orúkọ ara àpò lẹ́tà di iṣẹ́ ilé.

Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan tí kò bá wọn yà á ka gbogbo rẹ̀ sókè. Kó fi kàlẹ́ńdà wo ọjọ́: ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2026, Sátidé ni, kì í ṣe Fúráìdé. Kó fi fóònù pe gbogbo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà àyẹ̀wò. Ẹni tó lo DI lè padà lọ tẹ 20 sí i nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ẹni tó lo offset, kó ti fi 50 kún un látìbẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ àwọn ẹbí kì í pé nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́.