Kọ́mú Ìyá Ìkókó: Ẹ Wọn Àyà Kí Ẹ Tó Dé Ọjà

Ọ̀rọ̀ obìnrin la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọkùnrin má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o. Àpò tiyín náà ni owó rẹ̀ máa ti jáde.

Ẹ wo ìwé ẹrù ìbímọ tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fún aláboyún. Òwú wà níbẹ̀, abẹ wà níbẹ̀, ọṣẹ, ìlédìí, fìlà ọmọ, aṣọ òtútù. Nínú èyí tó pọ̀ jù tí mo ti rí, kọ́mú ò sí níbẹ̀. Torí náà, kọ́mú tí obìnrin ń wọ̀ kó tó lóyún ló máa fi ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn mìíràn á dúró títí ìsọmọlórúkọ á fi ku ọ̀la, wọ́n á wá rán ọmọ kan lọ sọ́jà pé kó bá àwọn ra èyí tó tóbi díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ ka ọjọ́. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ó sì tó ọmọ tuntun. Ẹ má fún un dànù. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni omi ọmú gan-an máa ń ya dé. Ọmú á kún, á wúwo, á gbóná, nígbà mìíràn á le. Nínú ilé tiwa, ọjọ́ keje là ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án là ń sọ ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọjọ́ kẹjọ báyìí. Ṣé ẹ rí i? Ọmú ò tíì fara balẹ̀ rárá tá a fi ní kí ìyá ọmọ wọ lẹ́ẹ̀sì tí télọ̀ rán láti oṣù keje oyún, kó di àyà gírígírí, kó sì jókòó láàárín èrò látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ń ti ọwọ́ ẹbí bọ́ sọ́wọ́ àlejò, kò mu ọmú bó ṣe yẹ kó mu ún.

Ìyàwó ilé kan lágbo ilé wa bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́kùnrin. Ní òru ọjọ́ tá a sọ ọmọ lórúkọ, ọmú òsì rẹ̀ le bí òkúta, ara rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Ọmọ ń ké, ìyá náà ń sunkún. Kílẹ̀ tó mọ́, àlejò kan ti ní ayé ló nawọ́ sí i níbi ayẹyẹ. Òmíràn ní kí wọ́n yáa lọ ra mílíìkì inú agolo, kí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ìyá àgbà tó jẹ́ ìyálóríṣà ilé ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ní kí ìyàwó bọ́ aṣọ. Ìlà wáyà kọ́mú ti wọ abẹ́ ọmú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn di ẹran mọ́ èèkàn, ibi tí ìlà yẹn gbà náà gan-an ni ọmú ti le. Wọ́n sọ kọ́mú yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n rẹ aṣọ sínú omi tútù, wọ́n fún un, wọ́n fi lé e lórí. Wọ́n gbé ọmọ sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó gba oògùn, kò sì fi ìgbà kankan dá ọmú dúró. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó dá Ifá. Mi ò rò pé Ọ̀rúnmìlà á bínú bí a bá kọ́kọ́ tú ìkọ́ kọ́mú ká tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Kì í ṣe wáyà nìkan ló ń fa ọmú wíwú o. Ọmọ tí kò gbá ọmú mú dáadáa lẹ́nu lè fà á, àìfún ọmọ lọ́mú lákòókò náà lè fà á. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń tẹ ojú kan lára ọmú fún wákàtí púpọ̀ lè dá kún un. Omi tútù tí wọ́n lò fún ìyàwó yẹn, òun náà ni àwọn oníṣègùn ń fọwọ́ sí báyìí. Omi gbígbóná tá a fi ń jó ọmú tó ti wú, pẹ̀lú ìka tá a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíkankíkan, wọ́n ní ó lè mú kó wú sí i. Bí ọmú bá pọ́n tó ń ta, tí ibà sì dá sí i, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó lọ sílé ìwòsàn. Kí ọmọ sì máa mu ún lọ.

Àwa tá a mọ ìtàn Yemọja, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ọmú ṣòro fún wa. Bí wọ́n ṣe ń pa á, ó fi ọmú rẹ̀ bọ́ ọmọ púpọ̀ títí tí ọmú náà fi tóbi gan-an. Nígbà tó ń fẹ́ Òkèrè ọba Ṣakí, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọmú òun ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé. Ọjọ́ kan, ẹmu pa Òkèrè, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Yemọja bínú jáde, ó sì di odò Ògùn tó ń ṣàn títí dòní. Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ máa ń fi ọmú ìyàwó yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ṣàwàdà níwájú ọ̀rẹ́, mo kàn ní kí n rán yín létí ni.

Ìtìjú yìí náà wà lára ohun tó ń mú kí obìnrin ra kọ́mú tó kéré. Ó fẹ́ kó dúró ṣámúṣámú. Ọmú tó ń fọ́mọ kì í dúró bẹ́ẹ̀, kò sì sí kọ́mú tó lè dá a padà. Oyún fúnra rẹ̀ àti ọjọ́ orí ló ń mú kó rọ̀, kì í ṣe ẹnu ọmọ. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí: ọmú kékeré àti ọmú ńlá, bákan náà ni wọ́n lè bọ́ ọmọ yó. Bí ọmọ bá ṣe ń fa omi ọmú jáde tó ni ara ṣe ń pèsè òmíràn.

Ó dáa, a ti ń lọ sọ́jà. Ìgbà wo ni ká rà á? Ẹ má rà á ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ara ṣì ń yí. Bí oyún bá ti wọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36, ẹ ra ẹyọ kan tàbí méjì, kó tó. Èyí tó kù, ẹ fi sílẹ̀ títí omi ọmú á fi fara balẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí. Lápapọ̀, mẹ́ta tó: ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nínú àpótí. Ẹni tó ń tà á á fẹ́ kẹ́ ẹ gbé odindi páálí kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ẹ̀dínwó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣì mú méjì.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló ń ru ọ̀pọ̀ lójú, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń rí lára kọ́mú, bíi 34, 36, 38, fífẹ̀ àyà yípo lábẹ́ ọmú ló ń sọ. Lẹ́tà bíi B, C, D ló ń sọ bí àpò ọmú ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹ gba téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ fi yí àyà ká lábẹ́ ọmú, lórí ara lásán, kì í ṣe lórí bùbá, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ínṣì tó bá kà sílẹ̀. Ẹ tún fi yí i ká níbi tí ọmú ti yọ jù. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Ní ìṣirò tó wọ́pọ̀, bó bá ku ínṣì kan, A ni, méjì, B, mẹ́ta, C, mẹ́rin, D. Tó bá ti kọjá D, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń kọ tiẹ̀, wíwọ̀ ọ́ wò ló kù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà ni pé bí ọmú obìnrin bá ti tóbi sí i, nọ́ńbà ni wọ́n ń sún, wọn kì í sún lẹ́tà. Ẹni tó ń wọ 36 á gba 40. Àyà rẹ̀ ò fẹ̀ tó 40, nítorí náà rọ́bà ẹ̀yìn á máa gùn lọ sókè, gbogbo ìwúwo ọmú á wá já lé okùn èjìká, okùn á máa gé e lára. Kó tó dalẹ́, ọrùn àti ẹ̀yìn á ti máa dùn ún. Ohun tó ń wá ni 36 tó ní lẹ́tà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, oyún máa ń ti egungun ìhà síta díẹ̀, èyí sì ni ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ wo ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kó ní tó ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá ń rà á nínú oyún, ìlà tó tú jù ni kó bá yín mu, nítorí ara á wọlé lẹ́yìn ìbí, ẹ ó sì lè máa fún un sínú. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rọ́bà ẹ̀yìn láìlo agbára. Kí àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù nínú àpò ọmú, torí omi ọmú tó ń bọ̀ àti aṣọ tẹ́ ẹ máa tẹ́ síbẹ̀.

Ẹ yẹra fún wáyà. Ẹ yẹra fún fóòmù tó nípọn, ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Aṣọ òwú ló dáa jù, tó ní rọ́bà díẹ̀ tó ń fà. Kí okùn èjìká fẹ̀. Àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí níwájú, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kan ṣí i, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kan náà dé e padà. Ẹ di ojú, kẹ́ ẹ gbìyànjú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Kẹ́ ẹ má rò pé àwàdà ni: ní aago méjì òru tí iná ti lọ, tí ọmọ ń ké lọ́wọ́ kejì, ẹ ó rántí mi. Ẹ tún wo bí àpò náà ṣe ń ṣí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ihò kékeré kan ló máa ṣẹ́ kù, etí ihò náà á sì máa tẹ ọmú bí wáyà. Èyí tí gbogbo ọmú fi ń jáde ló dára.

Ní Tejúoṣó, ní Balógun, ní Dùgbẹ̀, kò wọ́pọ̀ kẹ́ ẹ rí yàrá tẹ́ ẹ ti lè wọ kọ́mú wò. Ẹ mú síngílẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra wọ̀ lọ, ẹ ó lè wọ̀ ọ́ wò lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà mú u, á fà," ẹ bi í pé títí dìgbà wo. Rọ́bà tá a ń retí pé kó fà lónìí, á ti tú kí ọmọ tó jókòó. Òkìríkà ńkọ́? Kò burú, ẹ lè rí èyí tó dáa ní Katangowa. Ẹ fa rọ́bà rẹ̀ wò: bí kò bá sáré padà, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn gidi. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá sì tó ẹyọ kan báyìí, kó gba síngílẹ́ẹ̀tì òwú tó rọ̀, tó ṣeé fà wálẹ̀. Àwọn ìyá wa fi ìró lásán tọ́ wa, omi ọmú ò sì torí rẹ̀ gbẹ. Kọ́mú kò sí fún ọmọ, ìrọ̀rùn ìyá ló wà fún.

Ìró yẹn náà nìkan ni mo ní ọ̀rọ̀ bá. Bẹ́ ẹ bá so ó gírígírí lé ọmú, tẹ́ ẹ tún fi ọ̀já pọn ọmọ gba orí àyà, iṣẹ́ wáyà náà ló ń ṣe. Ẹ so ó sábẹ́ ọmú tàbí sókè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́bàtálá àti ọlọ́ṣun tẹ́ ẹ máa ń wọ funfun, kọ́mú tó jọ àwọ̀ ara ni kì í hàn lábẹ́ aṣọ funfun, kì í ṣe kọ́mú funfun. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Òṣogbo lóṣù kẹjọ, ẹ ní kí télọ̀ fi ìdè síwájú bùbá, kẹ́ ẹ lè fún ọmọ lọ́mú láàárín èrò láìbọ́ aṣọ. Kọ́mú tí kò ní wáyà náà ló ń jẹ́ kéèyàn lè yíìká fún òrìṣà láìsí ohun tó ń gún un níhà.

Fún omi ọmú tó ń jò, ẹ gé ìró òwú tó ti gbó sí róbótó, ìtẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ rán etí rẹ̀. Méjìlá ò pọ̀ jù. Bó bá ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá, torí ọ̀rinrin tó bá pẹ́ lórí ọmú lè fa egbò àti ìyún. Ẹ má fi ọ̀rá sí abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ kọ́mú, ẹ má fi rọ́bà rẹ̀ sínú omi tó ń hó léraléra, ẹ má sì lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ àkísà. Bó bá di alẹ́, tí ọmọ ti sùn, ẹ bọ́ ọ, kí ọmú rí afẹ́fẹ́.