Ọkọ̀ Bàbá Wa: Ṣé Kí A Tà Á, Àbí Kí A Fi Í Sílẹ̀?

Fún ọdún mẹ́rin gbáko ni ọkọ̀ Peugeot 504 kan fi dúró lábẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá wa ní Kétu láìgbéra lọ sí ojú ọ̀nà. Adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ń fi ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ilé-ìwé àṣeré. Òun ni gbogbo àdúgbò fi ń júwe ilé wa fún àlejò. Ní oṣù tó kọjá, a tà á. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún wa rárá, mo sì mọ̀ pé ilé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà pọ̀ láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ bí a ti ṣe dé orí ìpinnu náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ bí ọkọ̀ yìí ti tó láyé àtijọ́. Ní 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní Faransé. Irú rẹ̀ tí ó gùn, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, tí a ń pè ní familiale, ni ó wá di taxi-brousse ilẹ̀ wa. Ní tiwa, ọ̀pá gíà wà lẹ́bàá sítíárì, èrò méjì sì lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀; mẹ́rin á wà láàárín, mẹ́ta lẹ́yìn, ká má tíì sọ ti ẹrù orí òrùlé. Ó ga kúrò nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ le, kò sì sí ohun àdììtú kankan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó bá ní ìwọ̀nba irinṣẹ́ lè tú u kí ó sì tò ó padà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ní 1991, ọdún tí ó tẹ̀ lé Àpérò Orílẹ̀-èdè, ni Bàbá wa rà á ní àlòkù ní Kútọnu. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi gé owó sẹ́fà sí méjì, ní oṣù kìíní ọdún 1994: fàráǹ Faransé kan tí a ń gbà ní 50 di 100. Ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó ti Faransé wá di ohun tí apá kò ká mọ́. Àwọn awakọ̀ wa bá kọjú sí ìlà-oòrùn. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kaduna, ẹ̀yà 504 sì kún ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Bàbá wa á gba Ìlárá kọjá, wọ́n á sùn sí ilé ìbátan wa lọ́hùn-ún, wọ́n á sì gbé àpò irin kan padà wálé. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sí àárín wa, ọkọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Ilé wa kejì ni à ń pè é, kì í sì í ṣe àsọdùn. Ní Tọ̀kpá, ọkọ̀ kì í gbéra àfi tí ó bá kún. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí èrò kò pé, inú rẹ̀ ni Bàbá wa ń sùn. Ẹní kan, ìkòkò kékeré kan, àdògán irin àti búta omi kì í kúrò lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá wa, tí ń ta gaàrí àti àgbàdo, kì í fẹ́ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ní ìgbà òjò kan, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí ọ̀nà Kétu sí Ìpóbẹ̀, ẹrẹ̀ gbé ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìyá wa, tí oyún wọn ti pé oṣù, dáná lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo èrò sì jẹ nínú ìkòkò kan náà. Ní òru ọjọ́ kejì ni wọ́n bí àbúrò mi obìnrin sórí ìjókòó àárín. Ìyá àgbà kan tí ń ti ọjà bọ̀ ló gbẹ̀bí. Ẹ kò ní bi mí ní orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà kò ṣòro mọ̀.

Bàbá wa ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn awakọ̀ bá ń bọ Ògún lọ́dọọdún, wọ́n á fọ ọkọ̀ náà, wọ́n á gbé e lọ sí gáréèjì, wọ́n á sì dúró sí ẹ̀yìn díẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni. A kò bi wọ́n léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú ló dá wọn dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Ìpóbẹ̀, wọn kò rí ewúrẹ́ kan títí ó fi bọ́ sábẹ́ táyà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n san owó rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, wọ́n sì rọra wa ọkọ̀ náà padà sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ògiri. Ó tó oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa: “Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ńkọ́?”

Ọkọ̀ tí a kò wà kì í dúró bí a ti fi í sílẹ̀. Bátìrì rẹ̀ á kú, rọ́bà inú rẹ̀ á gan, epo á gbẹ á sì dì níbi tí ó ti ń po mọ́ afẹ́fẹ́, ìpẹtà á mú bírékì, eku á sì jẹ wáyà. Àbúrò mi yìí, tí ń ṣe iṣẹ́ aránṣọ ní Kétu, ló ń tan ẹ́ńjìnnì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí kpayo sì gbówó lórí lọ́dọ̀ wa, ó ń ra á ní lítà méjì méjì kí ẹ́ńjìnnì má baà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, tọkọtaya àgbàlagbà kan láti Faransé gba Kétu kọjá nínú ọkọ̀ tí àwọn ń pè ní camping-car: ibùsùn, ibi ìdáná, àgbá omi, gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan. Wọ́n ti gba Mòrókò àti Mọriténíà wá. Wọ́n wá wo ẹnubodè Akaba Idena, wọ́n sì rí 504 wa nígbà tí wọ́n ń kọjá. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa á lára bí ẹni tí ó rí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe. Ó ní ìrìn àjò ìkẹyìn àwọn nìyí. Ìyàwó òun kò lè gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà dáadáa mọ́, àwọn yóò sì tà á bí àwọn bá délé. Bàbá wa ní kí n bi í bóyá kò ní kábàámọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yóò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ẹni tí yóò rà á bá a lójú ìrìn, kì í ṣe lójú ìjẹrà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá wa kò fèsì, ṣùgbọ́n ní alẹ́ wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ òyìnbó náà sọ.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún yìí ni a pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Libreville pé a kò gbọdọ̀ tà á, orúkọ Bàbá ni. Ọdún kẹfà nìyí tí wọn kò tíì wálé. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi náà wà lẹ́yìn wọn: mo fẹ́ máa bá a lábẹ́ máńgòrò nígbàkígbà tí mo bá ti Kútọnu dé. Àbúrò mi kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n bí mi sí. Bí ẹnì kan bá wà tí ó yẹ kí ó sunkún lórí rẹ̀, èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ràn rẹ̀, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ta ni nínú yín tí yóò ra bátìrì tí ó kàn?”

Fóònù dákẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kò já o. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá wa ní kí a bi ẹni tí ó ni ín. Bàbá wa ní, “Ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má tà á fún ẹni tí yóò tú u.”

Ìyẹn gan-an ló wá di wàhálà. Oníṣòwò kan láti Kútọnu fẹ́ san 450 000 fàráǹ lójú ẹsẹ̀, kí ó lè tú u tà ní wẹ́wẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ṣábẹ, tí ó fẹ́ máa fi kó iṣu, ní 300 000, ìdajì báyìí, ìdajì lẹ́yìn ìkórè. Òrùlé ìdáná Ìyá wa ń jò ní àkókò náà, 150 000 kì í sì í ṣe owó kékeré. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A fi í fún ará Ṣábẹ. N kò sọ pé gbogbo ilé ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbèsè ilé ìwòsàn bá wà lọ́rùn yín, ẹ gba owó tí ó pọ̀ jù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba owó kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ pẹ̀lú carte grise tí orúkọ bàbá yín ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ kọ ìwé títà, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lọ yí orúkọ padà ní ANATT. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ náà bá ṣe ènìyàn léṣe ní ọ̀nà jíjìn, àgbàlá yín ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá.

Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, Bàbá wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, wọ́n jọ rìn ín díẹ̀ ní ọ̀nà Ìpóbẹ̀ kí wọ́n tó padà. Wọ́n fi hàn án pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, a gbọ́dọ̀ gbé e sókè díẹ̀ kí a tó tì í. Wọ́n sì yọ ẹní àti búta kúrò lábẹ́ ìjókòó, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìkòkò àti àdògán sílẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ kẹjọ, fóònù Bàbá dún. Ọ̀dọ́kùnrin náà ni, láti Ṣábẹ.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, gíà kẹta kò fẹ́ wọlé.”

Bàbá wa dìde dúró. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, wọ́n rọra ká ìka mọ́ ọ̀pá tí kò sí níbẹ̀.

“Má fi agbára fà á, ọmọ mi. Kọ́kọ́ dá a padà sí àárín, kí o ṣe sùúrù díẹ̀, kí o tó wá tì í…”